"Òtútù Wo Ló Wà Létí Òkun?": Àṣìrò Àwọn Tó Ń Lọ Gun Òkè ní Kọ́síkà

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní London fi orúkọ àwọn ẹrù tó fẹ́ dì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ṣòkòtò péńpé mẹ́ta, síńgílẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà, ìpara oòrùn, awò ojú dúdú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fẹ́ fi rìn lórí òkè Kọ́síkà, erékùṣù Faransé tó wà nínú Òkun Mẹditaréníà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Mo bi í pé aṣọ òtútù ńkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù bà mí o. Kọ́síkà ni mò ń lọ, kì í ṣe Scotland. Òtútù wo ló wà létí òkun?"

Mi ò dá a lẹ́bi. Fọ́tò etíkun ni gbogbo wa ń rí, omi tó mọ́ gaara àti iyanrìn funfun. Ẹni tó bá ń wo ìyẹn á gbà pé òkè ibẹ̀ náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ìsàlẹ̀, pé òkun tó yí i ká ló ń bá a tu ojú ọjọ́ lójú. Òkun yẹn gan-an ló ń da ojú ọjọ́ orí òkè rú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí òkè náà ṣe ga tó. Monte Cinto, tó ga jù níbẹ̀, jẹ́ 2,706 mítà, bẹ́ẹ̀ láti orí rẹ̀ sí etí òkun kò tó 30 kìlómítà. Abájọ tí àwọn Faransé fi ń pe erékùṣù náà ní òkè inú òkun. Béèyàn bá ṣe ń gòkè, ooru á máa fi nǹkan bíi díígírì mẹ́fà dín kù ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ní Calvi, ìlú etíkun kan níbẹ̀, nínú ooru díígírì 30, ẹni tó wà lókè ní 2,500 mítà wà nínú nǹkan bíi díígírì 15. Ìyẹn ò tíì burú. Ẹ wá fi atẹ́gùn sí i, kí òjò rin aṣọ ọrùn rẹ̀ gbingbin, kí ilẹ̀ sì ṣú.

Ọ̀nà tí àbúrò mi fẹ́ rìn ni wọ́n ń pè ní GR20. Calenzana ní àríwá ló ti bẹ̀rẹ̀, Conca ní gúúsù ló parí sí. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ń sùn lójú ọ̀nà yìí ni Haut-Asco, ibùdó tí wọ́n kọ́ fún eré orí yìnyín. Ẹ gbọ́ o, eré orí yìnyín ní erékùṣù! Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, yìnyín ìgbà òtútù ṣì máa ń kù sí kọ̀rọ̀ òkè níhà àríwá, á le bí òkúta láàárọ̀, á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Sálúbàtà kọ́ ni wọ́n fi ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú Òkun Mẹditaréníà máa ń móoru, omi rẹ̀ á sì máa di oru lọ sínú afẹ́fẹ́. Oòrùn á máa ta sára òkè láti àárọ̀. Òkúta á gbóná, afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ á fúyẹ́, á máa lọ sókè, afẹ́fẹ́ olómi láti ojú òkun á sì rọ́ wọlé wá gba ipò rẹ̀. Òkè dínà mọ́ ọn, kò sí bó ṣe máa kọjá bí kò bá gùn ún. Bó ṣe ń gùn ún ló ń tutù, omi inú rẹ̀ á di ìkùukùu, ìkùukùu á máa ga sí i bí ilé alájà púpọ̀, nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, àrá lè ti máa sán. Ìhà yòówù kí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ wá, orí omi ló ti ń bọ̀. Ẹni tó jókòó sétíkun lè má fura. Á kàn rí i pé òkè ṣú lọ́hùn-ún, á sì máa mu ohun mímu rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ Yorùbá ní ohun tí àrá jẹ́. Àmọ́ abẹ́ páànù la sábà máa ń wà tó bá ń sán nílé. Lórí òkè òkúta tí kò sí igi kankan, èèyàn ló ga jù níbẹ̀, irin sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀pá ìrìn, tàbí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ àpáta kí ẹni tó ń pọ́n ọn lè rí nǹkan dì mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀nà fi máa ń gbéra ní ìdájí, tí wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìdájí náà kì í sì í gbani nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àárọ̀ ni ìjì kọ lu Kọ́síkà, lásìkò tí òkun gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná lọ. Atẹ́gùn náà sáré ju 220 kìlómítà ní wákàtí kan. Èèyàn márùn-ún ló kú ní erékùṣù náà, igi sì wó lu àgọ́ àwọn tó wá gbafẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ńkọ́? Òjò ńlá rọ̀, òkúta àti ẹrẹ̀ ya lulẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Cirque de la Solitude, arìnrìn-àjò méje sì bá a lọ. Ọ̀nà GR20 kò gba ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀gbẹ́ Monte Cinto ló ń gbà báyìí, ó sì ga ju 2,600 mítà lọ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí i, oṣù Kẹfà ni.

Àṣìrò kejì wà nídìí ìṣirò. GR20 gùn tó nǹkan bíi 180 kìlómítà, wọ́n sì pín in sí ọjọ́ 16. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí nǹkan bíi kìlómítà 11 lójúmọ́, á ní, ṣebí Third Mainland Bridge lásán nìyẹn. Bírídì tẹ́jú. Ọjọ́ kìíní láti Calenzana nìkan, ó ju 1,200 mítà lọ tí ẹ máa gùn nínú oòrùn, omi sì ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ló wọ́pọ̀ fún ọjọ́ kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ sì máa fi gun àwọn ibì kan. Lóòótọ́, Lambert Santelli, ọmọ Kọ́síkà, sá gbogbo rẹ̀ tán ní wákàtí 30 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹ bá mi fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi kò pọ̀. Mo ní kó sún ìrìn-àjò náà sí ìparí oṣù Kẹfà, tàbí oṣù Kẹsàn-án tí èrò ti dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ṣì ń gbóná nígbà yẹn tí òjò ńlá sì lè dé. Kó sanwó ilé ìsùn orí òkè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ọgbà àdánidá Kọ́síkà, torí òfin ò gbà kéèyàn pa àgọ́ síbi tó bá wù ú; ẹ̀gbẹ́ ilé ìsùn nìkan ni. Iná dídá kò sí rárá. Kó mú owó lọ́wọ́, káàdì kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló ṣì ń lò, físà Schengen sì ni Faransé máa béèrè, ti ìlú Ọba ò kàn wọ́n. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, 112 ni kó pè.

Mo tún ní bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pọ̀ jù fún un, kó wọ rélùwéè láti Ajaccio tàbí Bastia lọ sí Vizzavona, tó wà ní nǹkan bí àárín ọ̀nà, kó wá máa rìn láti ibẹ̀ lọ sí Conca. Ìhà gúúsù rọrùn ju àríwá lọ.

Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa fèsì, àtòjọ tuntun ló fi ránṣẹ́: súwẹ́tà onírun, aṣọ òjò, fìlà, ìbọ̀wọ́, bàtà tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ti yọ sálúbàtà kúrò. Mo ní kó dá ìyẹn padà, torí tó bá bọ́ bàtà yẹn nírọ̀lẹ́, kò ní fẹ́ rí i sójú mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.