Ṣé òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí ọpọlọ súnkì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn méjì tó jọ pé wọ́n ta ko ara wọn ti da ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ kékeré ń mú kí ọpọlọ súnkì. Èkejì ní ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń sún un kì. Ó rọrùn kí aláìsàn torí èyí pa oògùn rẹ̀ tì, ìdí sì nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ṣé ọpọlọ gbogbo ènìyàn ló ń súnkì?

Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ara. Kí ó máa yára jù ni ìṣòro.

Kí ló kan iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 atẹ́gùn ọ́síjìn tí ara ń lò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògiri àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ á nípọn, á sì le, títí ọ̀kan yóò fi dí, tí ibi tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ yóò sì kú. Ojú ibẹ̀ lè má tó mìlímítà 15, ṣùgbọ́n àdánù náà kì í dúró síbẹ̀: àwọn fọ́nrán tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ èèpo ọpọlọ náà á rọ, èèpo ọ̀hún fúnra rẹ̀ á sì máa fẹ́lẹ́ sí i.

Ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwádìí ńlá kan lórí àrùn ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ kópa, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2011. Ọpọlọ àwọn tó ń mu sìgá yára dín kù. Lára àwọn onítọ̀ ṣúgà, apá tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí ló yára dín kù. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àpá funfun tí ó máa ń hàn nínú àwòrán MRI (àwòrán inú ọpọlọ), tó jẹ́ àmì pé àwọn iṣan tín-ín-rín ti ń bàjẹ́, ló yára gbilẹ̀.

Rọpárọsẹ̀ kékeré wo ni wọ́n ń sọ?

Irú kan wà tí ẹni tó ṣe kò ní mọ̀ rárá, àfi bí wọ́n bá ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Irú kejì a máa fi ara hàn, a sì tún lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń rẹ́ gbúre, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun gbogbo ti padà sípò, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Iṣẹ́ kọ́ o.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ oògùn ti wọlé?

Láti inú ìwádìí SPRINT MIND ti Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n pín àwọn tó ti lé ní 50 ọdún sí ọ̀nà méjì: wọ́n fẹ́ kí nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn kan wà lábẹ́ 140, ti àwọn yòókù lábẹ́ 120. Lóòótọ́, ọpọlọ àwọn ti 120 fi ìwọ̀nba díẹ̀ dín kù ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, ibi tí ìròyìn náà sì gbá mú nìyẹn. Ohun tí kò sọ ni pé àpá funfun kò gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wọn, àti pé àwọn tí ìrònú àti ìrántí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn fi nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 kéré sí ti ẹgbẹ́ kejì. Lójú tèmi, bí orí ènìyàn ṣe pé sí ṣe pàtàkì ju bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe tóbi tó nínú àwòrán lọ.

Ṣé kí n dá oògùn mi dúró?

Rárá. Bí ó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà nílé?

Ó kàn wá gan-an. Ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti wà lórí tábìlì àti àìkì í jẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé náà wà níbẹ̀.

Ṣé ọpọlọ tó ti súnkì lè padà bọ̀ sípò?

Èyí tó ti kú kò ní jí mọ́, ṣùgbọ́n a lè dín eré tí ìyókù fi ń súnkì kù.

Kí wá ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì, kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ni lẹ́nu, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá ti lọ, nítorí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ewu pé rọpárọsẹ̀ ńlá yóò tẹ̀lé e pọ̀ jù lọ.