Kí Ni Ó Ń Sọ Ẹyọ Owó Di Ọ̀wọ́n?

Ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rọ owó ní ìlú Philadelphia rọ owó wúrà oní-dọ́là 20 tí iye rẹ̀ jẹ́ 445,500. Iye yìí kì í ṣe kékeré rárá. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú kó owó wúrà ọwọ́ wọn wá fún ìjọba, nítorí náà, wọn kò ná èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ síta. Wọ́n kó o sínú iná, wọ́n yọ́ ọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì yọ́ jáde lọ́nà àìtọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo tí òfin gbà kí aládàáni ní nínú wọn ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní ọdún 2021, ní iye tó tó mílíọ̀nù dọ́là 18.9.

Owó yìí fi ohun tí àwa tó ti pẹ́ nídìí ṣíṣa ẹyọ owó jọ ń pè ní ọ̀wọ́n hàn kedere. A kì í wo iye tí wọ́n rọ nìkan. Iye tó ṣẹ́kù ni à ń wò, àti ipò tí ó wà, àti bí àwọn tó ń wá a ṣe pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo owó sẹ́ǹtì 5 tí wọ́n rọ ní Denver ní ọdún 1950. Iye rẹ̀ jẹ́ 2,630,030 péré, kò sì sí ọdún mìíràn tí irú owó yẹn, èyí tó ní àwòrán orí Thomas Jefferson, kéré tó bẹ́ẹ̀. Kíá ni àwọn ènìyàn gbọ́ pé kò pọ̀, wọ́n sì kó o pamọ́ ní ìdì ní ìdì. Iye tí wọ́n ń tà á gbéra sókè gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn náà ni ó wálẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń rí i rà, tó ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́.

Ti owó fàdákà oní-dọ́là kan tí wọ́n rọ ní New Orleans ní ọdún 1903 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. 4,450,000 ni wọ́n rọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń rí èyí tó tuntun níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti bá owó fàdákà tó lé ní mílíọ̀nù 270 lọ, èyí tí ìjọba yọ́ lábẹ́ òfin Pittman ti ọdún 1918. Nígbà tó di ìparí ọdún 1962, àpò àpò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú àká ìjọba, ni iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ mọ́ àwọn tó ti fi owó gọbọi rà á lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìyókù wà.

Lórí àwọn owó òde òní ni àwa tó ń ṣa owó jọ ti máa ń jiyàn jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìrọwó ló ń ṣe owó tí ẹnikẹ́ni kò ní ná láéláé: wọ́n á dán òǹtẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fi rọ ọ́, wọ́n á gbé e sínú àpótí ẹlẹ́wà, wọ́n á sì fi ìwé kan tì í tó sọ pé iye báyìí ni àwọn ṣe. Iye inú ìwé náà lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe 10,000, tí 10,000 ènìyàn sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, kò sí èyí tó máa sọnù tàbí tó máa gbó, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá sì fẹ́ tà á, ta ni yóò rà á?

Ti máàkì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ipò ẹyọ owó kan ṣe dára tó, tún wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n 1 sí 70 tí William Sheldon gbé kalẹ̀ ní ọdún 1949 fún owó bàbà àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò fún gbogbo owó báyìí. Máàkì gíga lára owó tó ti la ọgọ́rùn-ún ọdún já jẹ́ ohun ìyanu tó yẹ kí ènìyàn náwó lé. Lára owó tó jáde nínú ẹ̀rọ lánàá, kò ju ohun tó yẹ kí ó rí lọ. Síbẹ̀ àwọn kan ń san ìlọ́po owó nítorí ìyàtọ̀ 69 sí 70, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí kò sọ pé owó òde òní kò lè ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1995, Amẹ́ríkà ta owó fàdákà kan tó ní àmì W (àmì ilé iṣẹ́ ìrọwó West Point) mọ́ àwọn owó wúrà olówó gọbọi, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè ra ti fàdákà nìkan, nítorí náà, 30,125 péré ló jáde, ó sì ṣì wọ́n gan-an di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó pẹ́ǹsì 50 ti ọdún 2009 tó ní àwòrán ọgbà Kew, tí iye rẹ̀ jẹ́ 210,000, wọ inú ọjà, àwọn ènìyàn sì ná an fún ọdún bíi mélòó kan kí ọ̀pọ̀ wọn tó mọ̀ pé kò pọ̀.