Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti ọrọ̀ ajé ìlú: Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ìlú bá ti ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó oṣù, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ajé ń bá a wọlé nìyẹn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Crown FC ni ẹgbẹ́ náà. Ó gbá líìgì àgbà Nàìjíríà lọ́dún 2014.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ojú ló ń rí ọ̀nà tí owó ń gbà. Ọlọ́kadà ń kó èrò láti Tákíẹ̀. Ìyá tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pápá kí fèrè tó dún, ọmọdé sì gbé omi inú ọ̀rá sórí. Bí ẹgbẹ́ àlejò bá sùn mọ́jú, òtẹ́ẹ̀lì rí tiẹ̀ jẹ, olóúnjẹ náà ro àmàlà láfún kún ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Nínú líìgì ẹgbẹ́ 20, ìdíje 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, 19 péré ló jẹ́ tilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, ń gba yàrá, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń wọ ọ̀kadà lójoojúmọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹni tó bá ń wá ohun tó gbé ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ró, ọ̀dọ̀ wọn ni kó kọ́kọ́ yà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti máa ń fowó ìlú kọ́ pápá fún olówó tó ni ẹgbẹ́, ìwádìí tí Roger Noll àti Andrew Zimbalist, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kó jọ lọ́dún 1997 fi hàn pé pápá tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọrọ̀ ajé gbèrú. Owó tí èèyàn ná ní pápá, ì bá ti ná an níbòmíràn nínú ìlú kan náà. Àpò tó gbà á ló yàtọ̀. Owó gọbọi tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà kì í sì í pẹ́ nílùú, ó ń bá a lọ sílé tí sáà bá parí.

Ní Adámásìngbà, Ìbàdàn, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà lára pápá Lekan Salami tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars (3SC) ń lò. Àwọn wọ̀nyẹn ń tajà, bọ́ọ̀lù wà, bọ́ọ̀lù ò sí.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi ìwòran ni owó bọ́ọ̀lù ti ń jáde jù ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe pápá. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó wọlé láti wo Arsenal àti Chelsea lórí tẹlifíṣọ̀n. Onílé ìwòran jèrè, ẹni tó ń sun súyà níta náà jèrè. Lẹ́yìn náà ni owó ìkànnì tẹlifíṣọ̀n á jáde, tí apá kan rẹ̀ á gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí iná bá tún lọ, epo jẹnẹrétọ̀ á gba tiẹ̀.