Ewú Àtọwọ́dá: Bí Sísọ Aago Tuntun Di Arúgbó Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bàbá mi fi Seiko 5 kan sílẹ̀ fún mi. Funfun ni ojú aago náà nígbà tí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n kó tó kàn mí, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan níbí ní Abẹ́òkúta kó bá mi fọ inú rẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ gbà á, ó ti yọ ojú àtijọ́ náà, ó ti fi òmíràn tó ń dán gbinrin rọ́pò rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ṣe mí lóore. Mo ní ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ní òun ti gbá a mọ́ ilẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọ̀ tó gbá dànù yẹn, àwọn kan ń fi owó gọbọi rà á lókè òkun. Àwọn mìíràn sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é sára aago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé-iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ta ló wá kọ́kọ́ rò ó pé òun lè kun ewú sórí ọmọdé?

Láti ara radium ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, irin olóró kan tó ń tú ìtànṣán jáde. Marie Curie àti Pierre ọkọ rẹ̀ ló ṣàwárí rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1898. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn ọmọ ogun inú kòtò fẹ́ aago tí wọ́n lè wò lóru láìtan iná. Wọ́n bá ń po radium mọ́ zinc sulphide, ìyẹ̀fun tí radium ń mú tàn, wọ́n ń fi kun nọ́ńbà àti ọwọ́ aago, ó sì ń tàn nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọbìnrin ló ń kùn ún ní ilé-iṣẹ́ U.S. Radium ní New Jersey. Ètè ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi pọ́n ẹnu bíróṣì kó lè mú ṣóṣóró. Oró náà wọ inú egungun wọn, àgbọ̀n ẹlòmíràn jẹrà mọ́ ọn lẹ́nu. Márùn-ún nínú wọn gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 1928. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yin àwọ̀ aago àtijọ́ jẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí ní gbèsè ìrántí.

Radium fúnra rẹ̀ kì í tètè tán. Ó tó ẹgbẹ̀jọ ọdún, 1,600, kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Zinc sulphide tó wà pẹ̀lú rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aago ni agbára tó ń tú jáde lára rẹ̀ ń jẹ run. Ìmọ́lẹ̀ á kú, funfun á di àwọ̀ òrí, òrí á di àwọ̀ oyin, oyin á di àwọ̀ igi. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi tritium rọ́pò rẹ̀, èyí tí oró rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ sì ń lọ láàárín ọdún méjìlá àti díẹ̀. Bí ẹ bá rí "T SWISS T" nísàlẹ̀ ojú aago kan, òun nìyẹn. Òun náà ń pọ́n.

Oòrùn náà kò dákẹ́. Ojú aago dúdú mìíràn wà tí ọ̀dà rẹ̀ kò dáa tó. Bí oòrùn bá pa á pẹ́, á di àwọ̀ kòkó. Àwọn olùkó-aago-jọ ń pe irú rẹ̀ ní "tropical", ìyẹn ti ilẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ tiwa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ!

Àbùkù ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí nígbà yẹn. Bí èèyàn bá dá aago rẹ̀ padà sílé-iṣẹ́ fún àtúnṣe, wọ́n á bá a pààrọ̀ ojú tó pọ́n sí tuntun. Nítorí náà, ọkùnrin tó pa ti bàbá mi lára kò ṣe ju ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ń ṣe ní Switzerland. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, Seiko gbé Astron jáde, aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà tó ń fi quartz, òkúta kékeré tí bátìrì ń mú gbọ̀n, ṣiṣẹ́. Aago tí à ń wáìnì di ohun àtijọ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Èyí tí alátùn-ún-ṣe kò tíì fọwọ́ kàn ló wá ṣọ̀wọ́n jù, pípọ́n ojú rẹ̀ sì di ẹ̀rí pé òtítọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá 2017, wọ́n ta Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà, wọ̀ tó gbó mọ́ ọn lọ́wọ́ ní dọ́là mílíọ̀nù 17.75 ní New York.

Ibi tí ìtàn náà ti yí rèé. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ Nemoto ní Japan ṣe LumiNova, ọ̀dà tí kò ní oró, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára lọ́sàn-án, tó sì ń tàn lóru. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn ará Switzerland ti gbà á. Kì í pọ́n bíi ti àtijọ́. Aago tuntun kò lè hu ewú fúnra rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni wíwá ewú sí i lórí sì wá gbóná. Lójú tèmi, bí kì í bá ṣe LumiNova, iṣẹ́ yìí ì bá má gbilẹ̀.

Àwọn kan ń fi tíì tàbí kọfí kun ọwọ́ aago. Àwọn kan ń yan ojú aago nínú ófùn. Òrùka aluminium pupa àti búlúù tó yí ojú GMT-Master, aago Rolex kan, ká, háípò tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣá. Àwọn tó ń po ọ̀dà LumiNova náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀ kan tí wọ́n pè ní "Old Radium": radium àtijọ́, tí kò ní radium kankan nínú. Gérald Genta, gbajúmọ̀ tó ń ya àwòrán aago, ti fi idẹ ṣe aago Gefica ní 1988. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aago Panerai ṣe tirẹ̀ ní 2011, idẹ gbòde. Ẹni tí kò lè dúró kí idẹ rẹ̀ dúdú fúnra rẹ̀ á se ẹyin, á fọ́ ọ sínú ike pẹ̀lú aago náà, á dé e pa. Imí ọjọ́ inú ẹyin á ṣe ìyókù. Àwọn olólùfẹ́ Panerai kan náà ló ń gé àpò ọta ìbọn àtijọ́ àwọn ọmọ ogun Switzerland ṣe bẹ́líìtì aago. Nígbà tí irú awọ bẹ́ẹ̀ kò kárí mọ́, wọ́n ń sọ awọ tuntun di ogbó.

Ti awọ yìí ni mo mọ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe bàtà ní Lafenwa ló kọ́ mi. Awọ Kánò tí wọ́n fi èso bàgàrúwà ṣe ni kí ẹ wá. Awọ tí wọ́n ti kun ọ̀dà bò kò ní gbà. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná pa etí rẹ̀ àti ẹnu ihò rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ì bá ti máa kàn án lójoojúmọ́. Tíì tó ki dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó máa gbẹ lábẹ́ ibòji láàárín. Lẹ́yìn náà, epo díẹ̀ ní ìka ọwọ́. "Àbúrò, má kánjú fi epo sí i," ó sọ fún mi, "awọ tó bá ti mu epo yó kì í mu tíì mọ́." Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó dúdú, ẹ rẹ ìṣó tó ti dógùn-ún sínú fínígà, kí ẹ fi omi rẹ̀ kàn án: á dúdú lójú yín.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo tẹ́ ẹ sórí àpáta lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkìjà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ bí òkúta ìlú wa ṣe ń gbóná. Awọ náà sán pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Èkejì, wákàtí kan péré ló lò níbẹ̀.

Ohun tí kò dáa ni kí èèyàn ṣe é tán, kó wá tà á fún ẹlòmíràn bí ogbó tòótọ́. Olè ni. Mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá rí aago tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1970: ẹ má há ojú rẹ̀, ẹ má fi sáńpépà kàn án, nítorí eruku radium ṣì ń pani.

Bẹ́líìtì kejì yẹn ló wà lára Seiko bàbá mi báyìí. Ẹni tó bá bi mí, mo ń sọ fún un pé tíì ni. Ojú aago náà, n kò kun nǹkan kan sí i. Mo ń wò ó láràárọ̀ lójú fèrèsé bóyá á pọ́n. Kò tíì pọ́n.