Ta Ló Ni Ẹran Tí Ọdẹ Méjì Yìnbọn Fún?

Ní àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, láti Odédá títí dé apá Ọbáfẹ́mi-Owódé, ọdẹ òru kì í ní ẹlẹ́rìí. Ìbọn á dún, ẹran á sá wọ igbó, ẹni tó yìnbọn nìkan ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ìgbà tí ọta ẹni méjì bá wà lára ẹran kan ṣoṣo ni ìwà kálukú máa ń hàn.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ mọ̀ ni pé ẹni tí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ ba ẹran ló ni ín, bó bá ṣì ń tọpa rẹ̀ bọ̀. Ẹni tó parí ẹ̀ á gba ìpín tirẹ̀. Bí ìpín náà ṣe máa tó yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Bí wọn ò bá gbọ́ra yé, wọ́n á gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ olúọdẹ. Egbò tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ létí rẹ̀ ló ṣáájú èyí tó ṣì tutù.

Títọpa yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n fòò, tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóró lọta bà, ẹran náà ò ní pẹ́ ṣubú. Èyí tó dúdú, tí koríko tí ẹran jẹ dà pọ̀ mọ́ ọn, inú ni. Ẹran bẹ́ẹ̀ lè fi wákàtí púpọ̀ jẹ̀rora. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í lé e lójú ẹsẹ̀, torí lílé ló ń mú un sá jìnnà. Á ṣẹ́ ewé sí ibi tó ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, á ní sùúrù, á wá tọ̀ ọ́. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ wá òmíràn ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù, ó sì ti ṣèkà.

Ìfigagbága tún ń ba ojú jẹ́. Ojú ẹtu ń tàn lójú iná ọdẹ, ojú ewúrẹ́ àti ti ajá náà ń tàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn á ṣáájú òun ló ń yìnbọn fún ojú láì tíì rí ara.

“Bí mi ò bá pa á, ẹlòmíràn á pa á” ni wọ́n fi ń dá ara wọn láre lórí ẹran tó lóyún. Àwáwí ni. Ọ̀yà ń lóyún fún bí oṣù 5, ó sì sábà ń bí bí ọmọ 4. Ọmọ kan péré ni ẹtu sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Igbó tí wọ́n bá ti ń pa abo ẹtu kò ní pẹ́ ṣófo.

Ti akíka tiẹ̀ le jù. Kíká ló ń ká ara rẹ̀ jọ, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbé e, òun náà kì í sábà bí ju ẹyọ kan lọ. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de títa akíka tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kò ní nǹkan kan láti bá ẹnikẹ́ni dù níbẹ̀. Kó fi í sílẹ̀ ni.