Ta Ló Ṣi Orin Náà Kọ? Bí A Ṣe Ń Gbé Orin Orí Ìtàgé CMA Yẹ̀wò

Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, bí ẹgbẹ́ Country Music Association, tó ń gbé orin kọ́ńtírì lárugẹ, bá ti pín àmì-ẹ̀yẹ CMA wọn tán nílùú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: ṣé irú èyí náà mọ orin kọ? Ìdáhùn mi kì í yá, nítorí pé ẹni tó bá ti jókòó sídìí míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, rí mọ̀ pé ohùn tó dé etí wa nílé ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, àti pé kí a tó dá olórin lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ọwọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹni tó bá rò pé orin kọ́ńtírì kò kàn wá, kí ó bi àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbọ́ Jim Reeves lórí rédíò léèrè, tàbí kí ó tún àwo King Sunny Adé gbé sí i. Gìtá tí ń sunkún níbẹ̀ bí ẹni pé ó ní ọ̀fun, èyí tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta, pedal steel ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ́ńtírì ni ó sì ti wá bá jùjú. Adépọ̀jù yìí kan náà ni ó ta á sínú orin “Graceland” ti Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà.

Ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CMA sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àmì-ẹ̀yẹ ní 1967, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ètò náà sì dé orí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni olórin ti ń kọrin fún èrò méjì lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn àti àwọn tó wà nílé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n sábà máa ń lò báyìí ni Bridgestone Arena, tó jẹ́ pápá tí wọ́n ti ń gbá hockey lórí yìnyín. Kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹnì kan jókòó sídìí míksà láàárín èrò, ó ń po ohùn fún inú gbọ̀ngàn. Ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ìta, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń po tiwa tí a wà nílé. Ẹnì kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń po èyí tí olórin fúnra rẹ̀ ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ létí. Ata kan náà, ìkòkò mẹ́ta. Ọ̀kan lè jóná kí méjì tó kù sì dùn.

Ẹ̀rọ inú etí yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri tó kọjú sí olórin bá jìnnà sí i tó mítà 50, ohùn rẹ̀ yóò rin mítà 100 ní àlọ àti àbọ̀, yóò sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó padà dé etí rẹ̀. Olórin tó bá tẹ̀ lé ìyẹn yóò máa sá tẹ̀ lé òjìji ara rẹ̀, yóò sì máa pẹ́ lẹ́yìn ìlù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wò ó, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń fi ìka tẹ etí léraléra, tí ó ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, tí ohùn rẹ̀ sì ń kúrò nínú kíì, ìró tí orin náà dúró lé, lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí ó má gbọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ a máa pariwo, ariwo ni ó sì máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́ kí orin tó parí. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ìpolówó ọjà fi ń lọ ni wọ́n ní láti ti ẹgbẹ́ olórin kan jáde kí wọ́n sì ti òmíràn wọlé, tòun ti dírọ́ọ̀mù lórí pèpéle onítáyà àti àìmọye wáyà. Tí wáyà kan ṣoṣo bá yọ, olórin ni a máa bú.

Mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé èmi náà ti fà á rí. Níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ kan ní Ìbàdàn, mo gbàgbé láti so ohùn àwọn ẹlẹ́gbè mọ́ èyí tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú gbọ̀ngàn ń jó, gbogbo rẹ̀ pé. Àwọn tó wà nílé ní tiwọn ń gbọ́ obìnrin kan ṣoṣo tó ń dá orin, tó ń dákẹ́ de ègbè tí kò dé, tó tún ń dá a. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti bú arábìnrin náà yán-án-yán-án. Èmi ni mo jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ mi.

Kí wá ni ti olórin gan-an, tí kò lè dì ru ẹlòmíràn? Èémí ni mo fi ṣáájú. Ẹ dijú, kí ẹ gbọ́ ibi tó ti mí. Orin kọ́ńtírì, ìtàn ni. Ẹni tó bá mí sáàárín gbólóhùn, bí ẹni tó sọ pé “mo ń lọ sílé” tó dánu dúró, kó tó wá sọ pé “bàbá mi”, ti da ìtàn rú, kò sì sí bọ́tìnnì tí mo lè tẹ̀ tó máa tún un ṣe. Ìkejì ni ìparí ọ̀rọ̀: ṣé ó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kalẹ̀ ni, àbí ó jù ú nù? Ti kíì nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe lójú ẹsẹ̀ ti wà, ohùn tó mọ́ tóní-tóní sì lè jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó yọrí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2015, Chris Stapleton, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò tíì mọ̀ dáadáa nígbà náà, bọ́ sórí ìtàgé CMA pẹ̀lú Justin Timberlake, olórin pop, wọ́n sì kọ “Tennessee Whiskey”, orin tí George Jones, àgbà olórin kọ́ńtírì, ti sọ di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1983. Bí Stapleton ṣe tò ó, kọ́ọ̀dù (àwọn ìró tí a jọ ta pọ̀) méjì péré ni ó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni pé kò sí ibi ìsásí. Ohùn nìkan ni ó lè jẹ́ ká mọ̀ pé a ti kúrò níbi tí a wà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń na ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí èémí kan, tó sì tún ṣẹ́ èémí kù láti fi parí gbólóhùn. Ẹ gbọ́ bí Morgane aya rẹ̀ ṣe ń gbè é láìbò ó mọ́lẹ̀. Orin kejì, ti Timberlake, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ìtàn inú rẹ̀ lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti gbóná nígbà náà. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta ni Stapleton gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwo rẹ̀ tó ti wà lọ́jà láti oṣù karùn-ún sì gun ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ Billboard, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn àwo tó tà jù.

Ìgbà mìíràn, ohun tí a ń wò kì í ṣe orin ojú ẹsẹ̀ rárá. Ní 1994, níbi àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ mìíràn, Academy of Country Music, wọ́n ní kí Alan Jackson, olórin kọ́ńtírì, kọrin lé èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ó ní kí onídírọ́ọ̀mù rẹ̀ má mú ọ̀pá ìlù dání. Ọkùnrin náà ń ju ọwọ́ òfìfo sókè sódò, ìlù sì ń dún. Láti ìgbà tí mo ti rí i ni ojú mi ti máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́wọ́ onílù. Ní 1999, níbi ti CMA, Jackson yìí kan náà dá orin tó ń kọ lọ́wọ́ dúró láàárín, ó sì bọ́ sínú “Choices” ti George Jones, nítorí pé àwọn alákòóso fẹ́ kí Jones gé orin náà kúrú, bàbá àgbà náà sì kọ̀ láti wá. Tí ẹ bá gbọ́ orin tó dà bí ẹni pé wọ́n já ìrù rẹ̀, àkókò tẹlifíṣọ̀n ni ẹ máa fura sí, kì í ṣe olórin.

Ní ti pedal steel, ìlànà kan wà tí etí Yorùbá tètè ń mọ̀: ẹni tó ń ta á kì í bá olórin sọ̀rọ̀ pọ̀, ó máa ń dúró kí gbólóhùn parí kó tó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí onígángan ṣe ń ṣe nínú jùjú. Bí steel bá ń gun ọ̀rọ̀ lórí, yálà ẹni tó ń ta á kò gbọ́n, tàbí ẹni inú ọkọ̀ ìta ti gbé e sókè jù.

Àríwísí tí kò wúlò fún mi ni irú èyí tó tẹ̀ lé Beyoncé àti Dixie Chicks, ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtírì obìnrin, ní 2016, nígbà tí wọ́n jọ kọ “Daddy Lessons” lórí ìtàgé CMA. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń béèrè bóyá Beyoncé tilẹ̀ yẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ báńjò, ohun èlò olókùn bíi gìtá, tí wọ́n ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àríwísí orin yẹn, kí ó sọ fún wa bóyá fèrè bo báńjò mọ́lẹ̀.

Èyí tó le jù fún mi láti kọ nípa rẹ̀ ni ti Charley Pride, àgbà olórin kọ́ńtírì, níbi ti CMA ní 2020. Ọmọ ọdún 86 ni, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú ètò náà ní 1971, wọ́n sì pè é padà láti wá bu ọlá fún un. Ó kọ “Kiss an Angel Good Mornin’” pẹ̀lú ọ̀dọ́ olórin kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ó kú. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo dijú nígbà kejì. Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ni pé ohùn ti fẹ́lẹ́, ó sì ṣì ń dé orí ọ̀rọ̀ lásìkò.