Bí Títẹ̀ Lọ́dàá Ṣe Kan Ajá àti Ológbò

Òbúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kì í rùn mọ́, kì í sì í lé abo kiri. Ṣe ni yóò máa sanra. Lójú mi ni bàbá àgbà ṣe máa ń ṣe é ní agboolé wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo: okùn lẹ́sẹ̀, abẹ mímú, eérú lójú egbò. Igbe ẹran náà kò tíì kúrò létí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu wa. Àwọn ìwẹ̀fà tó súnmọ́ Aláàfin tímọ́tímọ́ ní ààfin Ọ̀yọ́, ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n akọ ẹran la mọ̀ ọ́n mọ́, torí ọ̀rá. Ta ni yóò la ikùn abo ajá, tí kò ní í kú? Ọdún 1846 ni William Morton fi ether kun aláìsàn lóorun ní Boston, kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ní 1867, Joseph Lister kọ̀wé lórí oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú egbò kẹ̀. Méjèèjì yìí ló jẹ́ kí ewu yíyọ ilé ọmọ abo ẹranko dín kù gan-an. Ní 1971, ìlú Los Angeles ṣí ilé ìwòsàn olówó pọ́ọ́kú fún irú iṣẹ́ abẹ yìí, torí ajá àti ológbò aláìnílé ti pọ̀ jù.

Àwa náà rí i níbí. Nǹkan bí oṣù méjì ni ológbò fi ń lóyún, ó sì lè tún gboyún kí ọmọ tó já lọ́mú. Mo bá àpò sìmẹ́ńtì kan létí gọ́tà ní Ìgbọ̀nà, wọ́n so ó lẹ́nu. Ọmọ ológbò mẹ́rin ló ń ké nínú rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún abo ajá kí ó tó kọ́kọ́ wá akọ, agbára káká ni jẹjẹrẹ ọyàn fi máa ń ṣe é, ọyún kò sì ní í kún ilé ọmọ rẹ̀ láé. Akọ tí wọ́n tẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn gbéregbère tàbí jà ní títì mọ́. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣì di dandan o.

Nígbà tó kan ajá tèmi, dókítà ẹran kùn ún lóorun, ó fá irun ikùn rẹ̀. N kò gbọ́ igbe kankan. Ojú abẹ náà kò gùn ju ìka mi lọ. Nírọ̀lẹ́, ó jí, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ìdí abọ́ omi, ó sì lá ọwọ́ mi.